Agbẹjọ́rò tí ó Kọ́ Iṣẹ́ Ìwé Dídì

Ọ̀pọ̀ alákọ̀wé ni ó máa ń ka iṣẹ́ ọwọ́ sí iṣẹ́ ẹni tí kò rí ilé-ìwé lọ. Ìtàn Thomas James Sanderson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní ọdún 1840, fi hàn pé èrò asán ni.

Agbẹjọ́rò ni ọkùnrin yìí. Ní ọdún 1882 ó gbé Anne Cobden níyàwó, ó fi orúkọ ìdílé aya rẹ̀ kún tirẹ̀, ó sì di Cobden-Sanderson. Iṣẹ́ òfin kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Nídìí oúnjẹ alẹ́ kan ní ọdún 1883, ó sọ ọ̀rọ̀ yìí létí Jane Morris, aya William Morris, akéwì àti oníṣẹ́ ọnà. Ìyáàfin náà ní kí ó kúkú lọ kọ́ bí a ti ń di ìwé.

Ó gba ìmọ̀ràn. Ẹni ọdún 42 wá lọ tẹrí ba fún Roger de Coverly, ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ìwé dídì ní Lọ́ńdọ́nù, ó ń kọ́ṣẹ́ bí ọmọdé. Ní ọdún 1884 ó ṣí ibi iṣẹ́ tirẹ̀. Aya rẹ̀ ń rán ìwé, òun ń fi awọ bò ó.

Nígbà náà, ẹ̀rọ ti ń gba iṣẹ́ yìí mọ́ àwọn oníṣẹ́ lọ́wọ́. Èèpo tí a ti ṣe sílẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n ń fi àtè lẹ̀ mọ́ ìwé. Bí ó bá pẹ́, ìwé a yọ kúrò nínú èèpo rẹ̀. Ti ọlọ́wọ́ yàtọ̀. A ó ká tákàdá ní abala-abala; a ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán abala kọ̀ọ̀kan mọ́ àwọn okùn tí ó dábùú ẹ̀yìn ìwé; a ó sì ki etí okùn wọ̀nyí bọ ihò ara páálí kí a tó fi awọ bo gbogbo rẹ̀. Ìwé àti èèpo a wá di ọ̀kan.

Ní ọdún 1893, Cobden-Sanderson dá ilé iṣẹ́ Doves Bindery sílẹ̀ ní Hammersmith. Ibẹ̀ ni Douglas Cockerell ti kọ́ṣẹ́, ẹni tí ó kọ ìwé kan ní ọdún 1901 láti fi ọ̀nà iṣẹ́ náà hàn lẹ́sẹẹsẹ. Ó kìlọ̀ nínú rẹ̀ pé ásíìdì tí àwọn kan fi ń ṣe awọ a máa bà á jẹ́. Ó sì yin awọ ewúrẹ́ tí Royal Niger Company kó wá láti Áfíríkà, nítorí kò jọ awọ tí ásíìdì kàn.

Cobden-Sanderson kú ní ọdún 1922. Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí ó ń ṣe jáde ní ìwé ní ọdún 1926. Títí dòní, àwọn tí ń fi ọwọ́ di ìwé àkọsílẹ̀ nílé fún ìgbafẹ́ ṣì ń mú abẹ́rẹ́ àti òwú. Ìbéèrè kan ni ó kù fún àwọn alákọ̀wé: bí gbogbo wọn bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, ta ni yóò mọ bí a ti ń tún ìwé àwọn baba wọn rán nígbà tí ó bá tú?