Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Iná Inú Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

OLÓÒTÚ: Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí í fi ooru ta tàdáwà sórí ìwé ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ọ̀gá olùkọ́, ṣé òótọ́ ni pé àkọsẹ̀bá ni wọ́n fi rí i?

OLÙKỌ́: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ní 1977, ní ilé iṣẹ́ Canon ní ilẹ̀ Japan, irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ òjé ṣèèṣì kan abẹ́rẹ́ sìrínjì tí tàdáwà wà nínú rẹ̀. Tàdáwà sì ta jáde. Ó yé Ichiro Endo pé ooru nìkan tó láti lé tàdáwà jáde. Láìpẹ́, John Vaught àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hewlett-Packard ní Amẹ́ríkà dé orí ìmọ̀ kan náà ní ọ̀nà tiwọn.

OLÓÒTÚ: Kí ló wá dé tí ThinkJet ti Hewlett-Packard kò fi dé ọjà títí di 1984?

OLÙKỌ́: Ìwọ̀n iná wà lára ohun tó fà á, ọ̀gá mi. Rẹ̀sítọ̀ bíńtín wà lẹ́yìn ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Iná a gba inú rẹ̀ kọjá fún ìdá díẹ̀ nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Ooru a tó bí 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìhó kan a wú, a sì ti ẹ̀kán tàdáwà jáde. Bí iná bá kéré jù, ìhó kò ní wú. Bí ó bá pọ̀ jù, tàdáwà a jóná mọ́ rẹ̀sítọ̀ bí oúnjẹ ti í jóná mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, rẹ̀sítọ̀ a sì bàjẹ́. Ẹ rántí pé bí fóltéèjì bá di ìlọ́po méjì, agbára tí rẹ̀sítọ̀ ń sọ di ooru di ìlọ́po mẹ́rin. Àṣìṣe kékeré kì í ṣe kékeré níbẹ̀.

OLÓÒTÚ: Báwo ni wọ́n ṣe bọ́ nínú rẹ̀?

OLÙKỌ́: Wọ́n fi awọ ààbò bo rẹ̀sítọ̀. Wọ́n sì so orí ìtẹ̀wé tí ó ní ihò 12 pọ̀ mọ́ ìgò tàdáwà, kí a lè sọ méjèèjì nù pọ̀ kí ó tó gbó. Nígbà tó yá, wọ́n fi ohun tí ń wo ooru sí orí náà. Bí orí bá ti móoru, ẹ̀rọ a dín iná kù.

OLÓÒTÚ: Kí ni kí àwa olùkọ́ mú lọ sílé?

OLÙKỌ́: Ìtàn irin gbígbóná ni a máa ń sọ fún àwọn ọmọ, a sì ń fo àwọn ọdún tí wọ́n fi wọn iná. Àkọsẹ̀bá fi ọ̀nà hàn ni. Ìwọ̀n ni ó rìn ín dé òpin. Bí a kò bá kọ́ wọn ní wíwọ̀n, wọn yóò máa jókòó de àkọsẹ̀bá.