Ìdọ̀tí Èkó àti Òfin Ìgò ti Alberta

Láyé àtijọ́, ààtàn ilé Yorùbá kì í tètè kún. Ewé ẹ̀kọ, èèpo iṣu àti eérú ààrò ni a ń dà síbẹ̀, ilẹ̀ a sì jẹ wọ́n. Ìgò kì í sábà dé ààtàn rárá, nítorí ìyá tí ń ta epo pupa tàbí ẹ̀pà wà nítòsí tí yóò rà á. Ìgbà tí ọ̀rá àti ike gba ìgboro ni ọ̀ràn yí padà: ilẹ̀ kò lè jẹ wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ rà wọ́n.

Èkó jìyà ìyípadà yìí púpọ̀. Ní 1977, ọdún tí a ṣe FESTAC, wọ́n ń pe ìlú náà ní olú-ìlú tí ó dọ̀tí jù lọ láyé. Ọdún náà gan-an ni ìjọba dá Lagos State Refuse Disposal Board sílẹ̀, wọ́n sì fi àbójútó rẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn kan láti Kánádà lọ́wọ́, Powell Duffryn. (Àwa tí a ti Èkó wá sí Kánádà lè rẹ́rìn-ín músẹ́ sí èyí.) Àjọ náà yí orúkọ padà ní 1981, ó sì di LAWMA ní 1991. Ọkọ̀ akólẹ̀ wà nígbà gbogbo yìí, ṣùgbọ́n kò lè wọ àdúgbò tí ọ̀nà rẹ̀ há, tí ilé fara ti ilé. Ní irú ibẹ̀, gọ́tà ni ó di ààtàn. Nígbà tí òjò ńlá ọjọ́ 10 oṣù Keje 2011 rọ̀, àgbàrá gba ìlú kan, ẹ̀mí ènìyàn sì bá a lọ.

Ní ọdún kejì, 2012, Bilikiss Adebiyi-Abiola dá Wecyclers sílẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní IBM ní Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí ó ń kọ́ ní MIT ni ó sì ti gbé èrò náà wá sílé. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó lè wọ ibi tí ọkọ̀ kò lè wọ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò ṣa ike, agolo àti ọ̀rá omi sọ́tọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ yóò dé ẹnu ọ̀nà, yóò wọn ẹrù náà, máàkì yóò sì wọlé fún ìdílé náà gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ohun tí wọ́n kó jọ, pẹ̀lú ìkéde lórí fóònù. Bí máàkì bá pọ̀ tó, wọ́n lè fi gba owó ìpè, ohun èlò ìdáná tàbí oúnjẹ. Wecyclers a wá ta ẹrù náà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń lò ó. Lára wọn ni àwọn tí ń sọ ike di ohun bí òwú tí a ń kì bọ inú ìrọ̀rí.

Ọ̀pọ̀ tí ó kọ̀wé nípa wọn ni ó yin kẹ̀kẹ́ náà. Ní tiwa, òṣùwọ̀n ẹnu ọ̀nà ni a kà sí pàtàkì jù. Ìjọba ti ń sọ fún ará Èkó láti ìgbà pípẹ́ pé kí wọ́n má da ìdọ̀tí sí gọ́tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni. Níhìn-ín, ìyàwó ilé rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ pé ohun tí òun fẹ́ dànù ní ìwọ̀n, ó sì ní iye.

Àwọn kan nínú wa lè béèrè bóyá ẹ̀san yìí kò ba iṣẹ́ rere náà jẹ́, nígbà tí àwọn àfáà wa ti kọ́ wa pé mímú ohun ìpalára kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ sàárà. A kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ta ike rẹ̀ kò pe ara rẹ̀ ní olùṣe-sàárà. Ó ṣòwò tí ó mọ́, gọ́tà aládùúgbò rẹ̀ sì là.

Ní 2017, olùdásílẹ̀ náà lọ di olórí LASPARK, àjọ tí ń bójú tó ọgbà ìtura Ìpínlẹ̀ Èkó, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀: Olawale Adebiyi, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, gba àkóso. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gba ẹ̀bùn King Baudouin ti 2018 sí 2019, tí owó rẹ̀ jẹ́ 200,000 yúrò. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: ẹgbẹ́ mélòó ni ó ń wà láàyè lẹ́yìn tí ẹni tí ó dá a sílẹ̀ bá kúrò nídìí rẹ̀?

Síbẹ̀, ẹrù tí irú òwò báyìí ń rù wúwo jù fún un. Iye ike àlòkù rọ̀ mọ́ iye epo rọ̀bì. Bí epo bá wọ́n, ilé-iṣẹ́ a máa wá ike àlòkù. Bí epo bá wálẹ̀, ike tuntun a di ọ̀pọ̀, àlòkù a sì ṣòro láti tà. Ìdílé tí ó ti kó ike jọ kò mọ ìyẹn, ẹ̀san rẹ̀ ni ó ń retí.

Ẹ wo bí ó ti rí níbi tí a ń gbé. Láti 1972 ni òfin Alberta ti pàṣẹ pé kí ẹni tí ó ra ohun mímu san owó ìdúró lórí ìgò rẹ̀, kí ó sì gbà á padà bí ó bá dá ìgò náà padà. Láti 2008, sẹ́ńtì 10 ni fún èyí tí kò ju lítà kan lọ, sẹ́ńtì 25 fún èyí tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníṣòwò aládàáni ni wọ́n ni àwọn ibùdó tí a ń dá ìgò padà sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni wọ́n ń wá owó tí wọn yóò san fún wa. A ti san án tẹ́lẹ̀ ní ilé ìtajà. Nítorí náà ni a fi ń rí ènìyàn ní Falconridge tí ń fi kẹ̀kẹ́ gbé àpò agolo, gan-an bí a ti ń rí i ní Mushin, tí àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń kó ìgò omi jọ lẹ́yìn ìṣínu. Ohun tí Wecyclers ń fi òógùn ojú ṣe, òfin ni ó ń ṣe é níhìn-ín.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, ìjọba Èkó fòfin de abọ́ oúnjẹ oní-styrofoam. Ó dára, ṣùgbọ́n ìfòfindè kò fi iye sórí ìgò tí ó ṣì wà ní ìgboro. Òfin owó ìdúró ni a rò pé ó yẹ kí àwọn aṣòfin Èkó gbé yẹ̀ wò.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń gbèrò láti dá irú òwò yìí sílẹ̀ nílé, wọ́n sì ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ owó láti ra kẹ̀kẹ́. Kí a tó dáwó, ohun tí a fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá ni ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ tí yóò ra ike náà, iye tí yóò san lórí kílò kan, àti iye oṣù tí kò ní yí i padà.