Kẹ̀kẹ́ Tuntun, Òkè Gíga: Ìrìn Ọjọ́ 41 Àwọn Ṣọ́jà Adúláwọ̀

Àwa tá a fi kẹ̀kẹ́ àyágùn kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ ládùúgbò, a mọ̀ pé ìgbádùn kẹ̀kẹ́ kì í kọjá ẹsẹ̀ òkè. Tí òkè bá ti dé, ẹni tí kẹ̀kẹ́ ń gbé ló máa di ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere là ń wí o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Lóde òní, kẹ̀kẹ́ wà tí wọ́n dìídì ṣe fún orí òkè. Táyà ẹ̀ nípọn, gíà ẹ̀ pọ̀, ó sì ní ṣọ́ọ̀kù. Tẹ́ ẹ bá wádìí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìpínlẹ̀ California lẹ́yìn ọdún 1970 ni wọ́n máa darí yín sí. Irọ́ kọ́. Àmọ́ ní nǹkan bí ọdún 80 ṣáájú ìyẹn, àwọn ṣọ́jà adúláwọ̀ kan ti gbé kẹ̀kẹ́ tuntun gun òkè Rocky ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gùn ún kọjá ibẹ̀. A rò pé ó yẹ ká mọ ìtàn wọn, àti ohun tí ìjọba wọn fi san án fún wọn.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni ìjọba ibẹ̀ dá àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan sílẹ̀ fún àwọn adúláwọ̀ nìkan, tí wọ́n sì fi àwọn aláwọ̀ funfun ṣe ọ̀gá lé wọn lórí. Ọ̀kan nínú wọn ni Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ẹlẹ́sẹ̀ 25. Àwọn kan lára wọn wà ní bárékè Fort Missoula, ní ìpínlẹ̀ Montana. Ibẹ̀ ni ọ̀gá kékeré kan, Lẹ́fútẹ́náǹtì James Moss, ti dá a lábàá pé kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ rọ́pò ẹṣin. Àlàyé ẹ̀ ò le. Ẹṣin ń jẹ koríko, ó ń mu omi, ó ń ṣàìsàn, ó sì lè yán kí ọ̀tá gbọ́. Kẹ̀kẹ́ ò ní gbogbo wàhálà yẹn.

Ọ̀gágun Nelson Miles fọwọ́ sí i. Lọ́dún 1896, àwọn ṣọ́jà díẹ̀ kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Yellowstone, wọ́n sì gùn ún padà, ìrìn bíi máìlì 800. Moss ní ìyẹn ò tíì tó. Ó fẹ́ kí wọ́n lọ sí St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri, máìlì 1,900. Ká sọ ọ́ bó ṣe máa yé wa: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà Èkó sí Kánò.

Iléeṣẹ́ Spalding ló pèsè kẹ̀kẹ́ tuntun fún ìrìn náà. Láyé ìgbà yẹn, igi ni wọ́n sábà fi ń ṣe ríìmù kẹ̀kẹ́, àmọ́ irin ni wọ́n fi ṣe tiwọn kó lè gba ìyà. Gíà kan ṣoṣo ló ní, ṣọ́ọ̀kù ò sì sí. Wọ́n wá di bùláńkẹ́ẹ̀tì, àgọ́, oúnjẹ àti ohun èlò ìdáná mọ́ ọn, tí kẹ̀kẹ́ àtẹrù ẹ̀ fi wúwo tó kìlógíráàmù 27 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbọn tún wà lọ́rùn ẹni tó ń gùn ún, pẹ̀lú ọta 50. John Findley, ṣọ́jà kan tó mọ tinú tòde kẹ̀kẹ́, ni mẹkáníìkì wọn. Iṣẹ́ ò wọ́n ọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 14, oṣù Kẹfà, ọdún 1897, ṣọ́jà 20 gbéra pẹ̀lú Moss, dókítà kan, àti akọ̀ròyìn ọmọ ọdún 19 kan tó ń jẹ́ Edward Boos. Kò pẹ́ tí òjò fi pàdé wọn. Tí òjò bá ti kan ilẹ̀ Montana, amọ̀ ibẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ táyà bí oje, títí kẹ̀kẹ́ ò fi ní yí mọ́. Wọ́n á dúró, wọ́n á ha á kúrò, wọ́n á tún bọ́ sínú òmíràn. Nígbà tó sú wọn, ojú rélùwéè ni wọ́n gbà, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lórí àwọn igi tí wọ́n tò sábẹ́ irin. Ẹ fojú inú wò ó: igi, ihò, igi, ihò, fún ọ̀pọ̀ máìlì. Bẹ́ẹ̀, ìjókòó kẹ̀kẹ́ kì í ṣe tìmùtìmù.

Lórí òkè, yìnyín bọ́ lù wọ́n, nínú oṣù Kẹfà. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Nebraska, òtútù ti di ìtàn, ooru ló kù. Iyanrìn ibẹ̀ jìn débi pé títì ni wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́. Omi ibẹ̀ ò dáa, ó ń da inú rú. Moss fúnra ẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn yòókù sì ní láti máa lọ láìsí i fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀wà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹran inú agolo àti kọfí ni wọ́n ń gbára lé. Ibi tí wọ́n ti ń gba oúnjẹ jìnnà síra bíi máìlì 100, torí náà ẹni tí ẹrẹ̀ bá dá dúró, ebi ń dúró dè é.

Wọ́n wọ St. Louis ní ọjọ́ 24, oṣù Keje. Ọjọ́ 41 ni gbogbo ẹ̀. 34 nínú ẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wá wò wọ́n ní Forest Park. Moss fẹ́ kí wọ́n tún máa lọ síwájú, àmọ́ àwọn ọ̀gá ní ó tó. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé wọn padà sílé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ogun Amẹ́ríkà àti Spéènì bẹ́ sílẹ̀, wọ́n kó Ẹgbẹ́ 25 lọ jà ní Kúbà, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ sì parẹ́.

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Mingo Sanders, sájẹ́ǹtì tí ojú ẹ̀ kan ò ríran dáadáa, wà lára àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ dé St. Louis. Ó jagun ní Kúbà náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1906, ìbọn dún lóru nílùú Brownsville, ní Texas, ẹnì kan sì kú. Àwọn ará ìlú ní àwọn ṣọ́jà adúláwọ̀ ló yìn ín. Wọn ò gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́. Ààrẹ Theodore Roosevelt kàn pàṣẹ pé kí wọ́n lé ṣọ́jà 167 nínú Ẹgbẹ́ 25 dànù, láìsí iyì, láìsí owó ìfẹ̀yìntì. Sanders wà nínú wọn. Ó ti lo ọdún tó lé ní 25 lẹ́nu iṣẹ́, ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ nínú oòrùn ló yẹ kó jẹun lábẹ́ ibòji. Ọdún 1972 ni iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà tó wẹ orúkọ wọn mọ́, lẹ́yìn ọdún 66. Sanders ti kú tipẹ́.

Lọ́dún 2022, ọkùnrin adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ Erick Cedeño gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà kan náà, láti Missoula dé St. Louis, kí wọ́n má baà gbàgbé àwọn ṣọ́jà náà. Àwa ò ní kẹ̀kẹ́ tó lè gbé wa débẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni orúkọ wọn. Nígbà míì tí ẹnì kan bá fi kẹ̀kẹ́ òkè ẹ̀ tuntun yangàn níwájú yín, ẹ bi í bóyá ó mọ Mingo Sanders.