Àdéhùn Gbígba Ẹ̀bi

Bí o bá fẹ́ ra ẹja yíyan ní Iwopin, ìyá ẹlẹ́ja á dá iye lé e, ìwọ náà á ná an. "Ẹ dín in fún mi, Ìyá." "Èló lo fẹ́ san, ọmọ mi?" Ìdúnàádúrà nìyẹn. Ọjà ni ilé ọ̀rọ̀ náà.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ògbufọ̀ kóòtù kan tó fẹ́ túmọ̀ plea bargain, ìyẹn àdéhùn tí olùjẹ́jọ́ fi ń gbà pé òun jẹ̀bi kí ìjìyà rẹ̀ lè fúyẹ́. "Ìdúnàádúrà ẹ̀bẹ̀," ló pè é. Plea kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ rárá. Akọ̀wé kóòtù á ka ẹ̀sùn tán, á bi olùjẹ́jọ́ pé, "O jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?" Ìdáhùn rẹ̀ ni plea. Ẹni tó ní òun ò jẹ̀bi kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ìdúnàádúrà yẹn ló dùn mí jù. Lọ́dún 2010, Cecilia Ibru, ọ̀gá Oceanic Bank tẹ́lẹ̀, gbà pé òun jẹ̀bi lábẹ́ plea bargain. Dúkìá tó lé ní bílíọ̀nù 190 náírà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì dá fún un. Ẹ sọ fún oníṣòwò pákó kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé wọ́n dúnàádúrà: ohun tó máa gbọ́ ni pé wọ́n ra adájọ́. Bẹ́ẹ̀, abala 270 òfin ẹjọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, tó dé lẹ́yìn náà, lọ́dún 2015, ní adájọ́ kò gbọdọ̀ dá sí ìjíròrò agbefọ́ba àti olùjẹ́jọ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tàbí aṣojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn wọn. Bí adájọ́ bá rí i pé ìjìyà tí wọ́n fẹnu kò sí fúyẹ́ jù, ó lè ní òun máa dá èyí tó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olùjẹ́jọ́ náà sì lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun níwájú adájọ́ mìíràn. Ọjà wo ni wọ́n ti ń ná irú èyí?

Mo kọ́kọ́ gbèrò láti pe plea bargain ní "ìgbẹ̀bi". Mo kọ ọ́ sórí bébà láìfi àmì sí i, mo fi han akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó wò ó títí. "Ṣé ọ̀rọ̀ àwọn agbẹ̀bí ni, sà?" Àmì kan ṣoṣo ló ya ẹ̀bi sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀bí, ìwé kóòtù wa kì í sì í lámì. Ni mo bá tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gbọnrangandan: àdéhùn gbígba ẹ̀bi.

Mo sọ ọ́ fún ìyá àgbà kan ní Abigi. Kò béèrè iye tí wọ́n san. Ó ní, "Ta ló bá a ṣe àdéhùn?"

"Agbefọ́ba ni, Ìyá. Kì í ṣe adájọ́."