Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ni Ohun Ìjà Aṣòfin

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òǹkàwé mi, ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti kópa rí nínú àríyànjiyàn ilé ẹ̀kọ́. A yan àwọn kan láti gbè lẹ́yìn ọ̀rọ̀, a yan àwọn mìíràn láti takò ó, a fi ẹnì kan ṣe alága, a gbé aago síwájú rẹ̀, nígbà tí ó sì yá, a ka ọwọ́. Ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣe ọ̀gá, ọmọkùnrin kan wà tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìbò mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ kejì fi borí rẹ̀. Ó ya ìwé tí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ó fi ẹsẹ̀ ta bẹ́ǹṣì ṣubú, ó sì búra pé òun kò ní jiyàn mọ́ láéláé. Ní ọjọ́ kejì mo pè é. N kò nà án, mo bi í léèrè pé, "Bí ó bá dá ọ lójú pé òtítọ́ ni o sọ, èé ṣe tí o fi jẹ́ kí ìbò mẹ́ta pa á?" Kò rí èsì fọ̀. Nígbà náà ni mo sọ ìtàn kan fún un. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà, nítorí pé ó kan àwa ọmọ Yorùbá ju bí ẹ ti lérò lọ.

Kí ẹ tó lè mọ adùn rẹ̀, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ bí òfin ti ń di òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí láti ibẹ̀ ni àwọn aṣòfin tiwa ti kọ́ púpọ̀ nínú ìlànà wọn. Ilé ìgbìmọ̀ méjì ni ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù: Ilé Ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn tí a dìbò yàn ń jókòó, àti Ilé Òkè, níbi tí àwọn ọlọ́lá àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù ń jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ń ka àbá òfin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ní kíkà kìíní, a kàn fi í hàn ni. Ní kíkà kejì, a ń jiyàn bóyá ó yẹ tàbí kò yẹ. Lẹ́yìn èyí, ìgbìmọ̀ yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlà dé ìlà, bí obìnrin ti ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. A óò sì tún kà á nígbà kẹta. Bí ilé kan bá fọwọ́ sí i, ó di ọ̀dọ̀ ilé kejì. Bí àwọn náà bá gbà, ọba yóò fi àṣẹ sí i, ó di òfin nìyẹn.

Ẹ tún kíyè sí ohun kan. Aṣòfin tí ó bá dìde láti sọ̀rọ̀ kì í kọjú sí alátakò rẹ̀ kí ó máa bá a wí. Abẹnugan Ilé ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó bá gba ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta kọjá a máa tutù díẹ̀ kí ó tó dé etí ẹni tí a sọ ọ́ sí. Ìdí tí a sì fi ń gbọ́ ti ọ̀tún kí a tó gbọ́ ti òsì kò ṣe àjèjì sí wa, nítorí àwọn baba wa ni wọ́n sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nísinsìnyí, ẹ bá mi ká lọ sí ọdún 1787. Ní àkókò náà, àwọn ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí ń kó ẹrú jù lọ láti etí òkun wa lọ sí òdìkejì òkun. Òwò náà ni ó sọ Liverpool àti Bristol di ìlú ọlọ́rọ̀. Òfin kò dè é lọ́nà. Àwọn aṣòfin pàápàá sì wà tí oko ìrèké wọn ń bẹ ní àwọn erékùṣù, tí àwọn ẹrú ń ro fún wọn. Kí a sì má purọ́ fún ara wa: àwọn aládé àti ológun ní ilẹ̀ tiwa náà ń ta ènìyàn, wọ́n sì ń gba ìbọn, ọtí àti aṣọ lórí wọn.

Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún náà, ọkùnrin méjìlá péjọ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì pinnu pé àwọn yóò wá òfin tí yóò fi òpin sí òwò yìí. Ọ̀kan nínú wọn, Thomas Clarkson, gun ẹṣin káàkiri àwọn èbúté láti wá ẹ̀rí. Ó ra ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi ń de ẹrú. Ó wo àkọsílẹ̀ àwọn atukọ̀ bí 20,000, ó sì rí i pé àwọn òyìnbó atukọ̀ pàápàá ń kú bí eṣinṣin nínú ọkọ̀ ẹrú. Ó kó aṣọ híhun, eyín erin àti oríṣiríṣi igi ilẹ̀ wa sínú àpótí kan, kí ó lè fi han àwọn èèyàn rẹ̀ pé ohun mìíràn wà tí ènìyàn lè bá àwọn ará Áfíríkà rà yàtọ̀ sí ọmọ wọn. Ní ọdún 1789, Olaudah Equiano, ọmọ Ìgbò tí ó ti jẹ ẹrú rí, tí ó sì ra ara rẹ̀ padà, tẹ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde, ó sì ń gbé e káàkiri ìlú.

Ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà wọ Ilé Ìsàlẹ̀ ni William Wilberforce, aṣojú àwọn ará Yorkshire. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1789, ó dìde, ó sì sọ̀rọ̀ fún ohun tí ó lé ní wákàtí mẹ́ta. Àwọn alátakò náà kì í ṣe aláìlọ́gbọ́n. Wọ́n ní bí àwọn bá fi òwò náà sílẹ̀, àwọn Faransé ni yóò gbà á. Wọ́n ní ìyà yóò jẹ àwọn ará èbúté, ìrèké yóò sì rà sóko. Wọ́n ní inú ọkọ̀ ẹrú ni àwọn atukọ̀ ọmọ ogun ojú omi ti ń kọ́ṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ Wilberforce kò bú wọn. Nígbà tí àwọn alátakò ní kí Ilé pe ẹlẹ́rìí, wọ́n gbà. A pe ẹlẹ́rìí lóòótọ́, a sì fi ọ̀pọ̀ oṣù gbọ́ tẹnu wọn. Nígbà tí a dìbò ní oṣù kẹrin ọdún 1791, ènìyàn 88 ni ó fara mọ́ àbá náà, 163 ni ó kọ̀ ọ́. Ó ṣubú.

Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, òǹkàwé mi, kí ni ìwọ ìbá ṣe?

Wọ́n padà sọ́dọ̀ àwọn ará ìlú. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó yọwọ́ nínú jíjẹ ṣúgà tí ẹrú ṣe. Kí a tó tún jiyàn ní oṣù kẹrin ọdún 1792, ìwé ẹ̀bẹ̀ 519 ni ó ti dé iwájú Ilé. Àríyànjiyàn ọjọ́ náà di òru, òru náà di òwúrọ̀. Ó dà bí ẹni pé wọn yóò ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n Henry Dundas dìde, ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, kí a ṣáà fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún un: kí òwò náà dópin "díẹ̀díẹ̀". Inú àwọn tí ẹ̀rí ọkàn ń dà láàmú ṣùgbọ́n tí àpò wọn ń rò dùn. Wọ́n gbà á, 230 sí 85, wọ́n sì fi oṣù kìíní ọdún 1796 ṣe òpin rẹ̀. Ilé Òkè kò fọwọ́ sí èyí pàápàá. Òótọ́ ni pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a dè mọ́lẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kò lè máa fi díẹ̀díẹ̀ mí. Ẹ fi èyí kọ́gbọ́n, kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú òfin lè pa gbogbo òfin náà, àti pé ẹni tí ó pè ọ́ ní ọ̀rẹ́ lè jẹ́ ẹni tí yóò fi í síbẹ̀.

Ọdún 1796 pé, òwò náà ń bẹ síbẹ̀. Ní oṣù kẹta, Wilberforce tún gbé àbá rẹ̀ wá. Ẹni 70 ni ó gbè é, 74 ni ó takò ó. Ìbò mẹ́rin! Àwọn kan nínú àwọn tí ì bá gbè é lọ wo eré olórin ní alẹ́ náà, àwọn mìíràn sì ti lọ sí oko wọn. Wọn kò di ọ̀tá òtítọ́. Wọ́n kàn fi àyè wọn sílẹ̀ lófìfo ni. Ẹ ronú wò, ẹ̀yin ọmọ mi: àwọn ènìyàn kan ń wo eré, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn mìíràn sì ń tìtorí rẹ̀ ṣubú sínú ìdè.

Ogun tí ó wà láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé tún wá dí wọn lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1805, àbá náà tún ṣubú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1806, wọ́n ta ọgbọ́n kan. Wọ́n mú àbá kékeré kan wá pé kí ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan má ṣe ta ẹrú fún ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọ̀tá mọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀tá ni ó ń ràn lọ́wọ́. Àwọn tí ó máa ń fi orúkọ Faransé dẹ́rù ba Ilé kò wá rí ohun wí. Ó di òfin. Lẹ́yìn èyí ni Grenville, olórí ìjọba, gbé àbá gidi wọ Ilé Òkè, níbi tí ó ti máa ń há sí tẹ́lẹ̀, àwọn ọlọ́lá sì gbà á. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1807, Ilé Ìsàlẹ̀ dìbò: 283 fara mọ́ ọn, 16 péré ni ó takò ó. Gbogbo Ilé dìde, wọ́n ń yẹ́ Wilberforce sí. Òun sì jókòó, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ọba fi àṣẹ sí i ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta. Láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjìdínlógún.

Kí ni èyí fi kàn wá? Ní ọdún 1821, àwọn ológun kọlu ìlú Òṣogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n sì kó ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí, tí kò tíì ju bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ. Wọ́n fi ẹṣin pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì tà á fún àwọn Potogí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òfin 1807, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rán ọkọ̀ ogun sí etí òkun wa, ó sì ti bá ìjọba àwọn Potogí ṣe àdéhùn ní ọdún 1815 àti 1817 lórí òwò yìí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun méjì mú ọkọ̀ tí Àjàyí wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Sàró. Ọmọ náà ni ó di Samuel Àjàyí Crowther, bíṣọ́ọ̀bù dúdú àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà ní ọdún 1864, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ púpọ̀ láti sọ èdè wa di èdè ìwé. Ní ọdún 1846, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Bí àwọn tí ó ṣubú ní 1791 bá ti ta bẹ́ǹṣì, kí wọ́n sì lọ sùn, ta ni ìbá dá ọkọ̀ náà dúró?

Kí ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ àwọn òyìnbó aṣòfin wọ̀nyí di òrìṣà. Òfin 1807 kò tú ẹnikẹ́ni tí ó ti wà ní oko ẹrú sílẹ̀. Àwọn ẹrú fúnra wọn jà fún òmìnira wọn. Àwọn ti Haiti gba tiwọn ní ọdún 1804. Nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́ńdọ̀nù sì wá ṣòfin ìdásílẹ̀ ní ọdún 1833, mílíọ̀nù 20 owó pọ́n-ùn ni ó yà sọ́tọ̀ fún àwọn olówó ẹrú. Kò fún ẹrú ní kọ́bọ̀. Ibi tí a bá ti ń ṣòfin, ẹni tí kò ní aṣojú níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń kẹ́yìn.

Ilé wa náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láti kọ́ wa. Ní Ìbàdàn, àwọn aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn jiyàn, wọ́n sì fọwọ́ sí ètò tí ó mú kí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Nínú Ilé kan náà, ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1962, àga ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rọ̀. Wọ́n ju àga lu ara wọn, ọlọ́pàá sì fi èéfín atanilójú tú wọn ká. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, a sì fi alábòójútó kan jẹ lórí wa fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ ni ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ wa. Àga ni ó gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ àwọn baba wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá di aṣòfin lọ́la, tàbí bí ẹ bá ń jókòó nínú ìpàdé ẹbí lásán, ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí ẹ bá borí, ẹ gbọ́ ti ẹni tí ẹ borí. Bí wọ́n bá borí yín, ẹ má ṣe ta bẹ́ǹṣì; ẹ lọ wá ẹ̀rí sí i, ẹ wá ènìyàn mọ́ra, kí ẹ sì padà wá. Ní ọjọ́ tí a bá sì fẹ́ dìbò, ẹ má ṣe jẹ́ kí a wá yín tì.

Ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé bẹ́ǹṣì náà dìde fúnra rẹ̀. Ní sáà tí ó tẹ̀lé e, ó tún mú ọ̀rọ̀ kan náà wá. Ìbò kan ni wọ́n fi borí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó tẹríba fún alága, ó bọ àwọn tí ó borí rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì bi mí léèrè ọjọ́ tí àríyànjiyàn mìíràn yóò wáyé.