Ẹ̀wọ̀n Oṣù Mẹ́fà Tí Babalọlá Ṣe ní Ìbíní

  Ẹ̀yin tí dátà yín ò lè gbé ohùn, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ rọra kà á.

Ọ̀rọ̀ tá a ti ń fà láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ dá sí: ṣé dandan ni kí Kristẹni gbọ́ràn sí ìjọba àtàwọn aláṣẹ ọjà lẹ́nu? Àwọn kan di Róòmù orí 13 mú, wọ́n ní ká san gbogbo owó tí wọ́n bá bù fún wa. Àwọn kan di Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 5 mú, wọ́n ní ti Ọlọ́run ló ṣáájú. Kí n tó sọ tèmi, ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú tá a wà yìí gan-an.

Gbogbo wa la mọ orúkọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Wọ́n bí i ní Odò-Ọwá lọ́dún 1904. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, katakata tí PWD fi ń tẹ títì ló ń wà. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ló wà lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ní oṣù kẹwàá 1928, tó fi gbọ́ ìpè. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù keje 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè Oòye, Iléṣà, èrò ń wọ́ wá láti ibi gbogbo.

Lẹ́yìn náà ló dé Otuo, ní apá òkè Ìbíní níbí. Ó wàásù lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́, wàhálà dé. Ní oṣù kẹta 1932, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, ìlú Ìbíní níbí ló sì ti ṣe é.

Mi ò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kan o. Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn pe ẹnìkejì ní àjẹ́, òfin ọ̀hún ṣì wà dòní. Ó nídìí: ìyá arúgbó tí wọ́n bá pè ní àjẹ́ níta lè má rí ilẹ̀ ọjọ́ kejì. Babalọlá ní tiẹ̀ gbà pé Ọlọ́run ló rán òun níṣẹ́. Bí ìjọba àti ìwàásù ṣe forí gbárí nìyẹn.

Kí ni bàbá náà ṣe? Ó ṣẹ̀wọ̀n ọ̀hún. Nígbà tó jáde, Cyprian Ufon pè é wá sí Creek Town ní Calabar, ó gba ibẹ̀ lọ, ó tún ń wàásù. Kò jáwọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò sì ní kí ẹlòmíràn bá òun jìyà ẹ̀. Ìjọ tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀, CAC, wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin lọ́dún 1943, lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà tó sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ibi tí ẹ̀rí ọkàn ò ti gbà nìkan ni wọ́n ti kọ̀. Ìyókù, wọ́n gbọ́ràn.

Ó wá kan èmi tí mò ń ta ẹlùbọ́ ní Uwasota. Lọ́dún kan, àwọn tó ń gbowó dé ìsọ̀ mi. Wọ́n pa owó ilẹ̀ gbígbá pọ̀ mọ́ owó ètùtù. Mo figbe ta: “Kristẹni ni mí, mi ò san kọ́bọ̀!” Wọ́n lọ, mo ń yan bíi Dáníẹ́lì. Ìyá Ẹ̀dó tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Kristẹni lòun náà, ó wò mí, ó ní: “Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run ló ní kó o má san ìyẹn náà?” Ẹnu mi wọhò. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọjà ò tà lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ mi ń ro mí láti yọ owó. Mo kàn fi Ọlọ́run bo ahun mi ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé owó ilẹ̀ gbígbá lọ bá wọn. Mo sọ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé tètùtù yẹn, mi ò lè dá a. Wọ́n ti ìsọ̀ mi fún ọjọ́ méjì. Mo jókòó síta, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó dùn mí, nítorí ọjọ́ méjì kì í ṣe kékeré fún ọlọ́jà, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, wọ́n tún ń bọ̀ wá gbowó ní ìparí oṣù yìí. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni san, mi ò ní kó má san. Kí oníkálukú kọ́kọ́ bi ara ẹ̀: tí wọ́n bá ti ìsọ̀ mi nítorí èyí, ṣé màá ṣì kọ̀? Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó o sì fara mọ́ ohun tó bá tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, má dárúkọ Ọlọ́run sí i. Àlejò la jẹ́ nílùú yìí, ojú tí wọ́n fi ń wo ẹnì kan nínú wa ni wọ́n fi ń wo gbogbo wa.