Oyin, Alágbẹ̀dẹ àti Ìmọ́lẹ̀: Ẹ̀kọ́ tí Ìtàn Ní fún Ìlerò

Bí ènìyàn bá ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé yàrá kan ní Ìlerò lọ́sàn-án gangan, tí páànù orí ilé sì lu, ìtànṣán oòrùn á gba ojú ihò náà wọlé bí ọ̀pá, eruku á sì máa jó nínú rẹ̀. Kò sí ọmọ Òkè-Ògùn tí kò mọ ìran yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó yí ìmọ̀ ayé nípa ìmọ́lẹ̀ padà ti ṣe iṣẹ́ wọn.

Isaac Newton ti kọ́ ayé pé ẹyọ wóró kéékèèké ni ìmọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 1803, Thomas Young, dókítà kan ní London, sọ ohun mìíràn níwájú ẹgbẹ́ onímọ̀ Royal Society. Ohun èlò rẹ̀ kò ju dígí, ihò abẹ́rẹ́ lára bébà fèrèsé, àti páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ tó ìdá kan nínú 30 ínṣì. Nínú òjìji páálí náà, ó rí ìlà ìmọ́lẹ̀ àti ìlà òkùnkùn tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tó dí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ìlà náà pòórá.

Bí a bá ju òkúta méjì sínú odò, ibi tí orí ìgbì méjì bá ti pàdé, omi á ga sí i; ibi tí orí ìgbì bá ti pàdé kòtò ìgbì, omi á pa rọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ lè pàdé ìmọ́lẹ̀ kó di òkùnkùn. Henry Brougham bu ẹnu àtẹ́ lu Young nínú ìwé ìròyìn Edinburgh Review, ọ̀rọ̀ náà sì tutù.

Ní ọdún 1815, wọ́n yọ Augustin Fresnel, ẹnjiníà ojú ọ̀nà nílẹ̀ Faransé, níṣẹ́ nítorí pé ó lòdì sí Napoleon. Ó padà sílé ìyá rẹ̀ ní abúlé Mathieu. Kò ní ohun èlò gidi kankan. Ó kán oyin sójú ihò kékeré lára bàbà, ó fi ṣe awò. Alágbẹ̀dẹ abúlé tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ló bá a rọ ìyókù. Ohun tó rí níbẹ̀ ló bí ìwé tó gba ẹ̀bùn ilé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ Paris ní ọdún 1819. Poisson, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, ti ní bí Fresnel bá tọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín gbùngbùn òjìji ohun róbótó. Arago dán an wò, ó sì rí i níbẹ̀.

Oyin kò wọ́n ní Òkè-Ògùn, alágbẹ̀dẹ kò sì ṣàjèjì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ń há ẹ̀kọ́ yìí sórí fún ìdánwò láì fojú rí i. Tọ́ọ̀ṣì lésà pupa olówó pọ́ọ́kú àti fọ́nrán irun kan ti tó. Bí wọ́n bá na irun náà síwájú lésà, tí ògiri sì jìnnà tó mítà 3, àmì pupa á tò sára ògiri, àlàfo wọn á tó bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Bí irun bá ṣe tín-ínrín tó ni àlàfo á ṣe fẹ̀ tó. Rúlà lásán á wá fi sísanra irun hàn. Kìkì pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan lésà sójú, tàbí kó tẹjú mọ́ oòrùn.

Èyí kò dá ẹni tó yẹ kó pèsè ohun èlò sílé ẹ̀kọ́ láre. Gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí gbèsè náà tó di sísan, oòrùn Ìlerò ń ràn lójoojúmọ́.